Àwọn Ọmọ Kíláàsì Àṣekágbá ní Charbonnages

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì ní Libreville, mo rò pé mo ṣèèṣì já wọ ìpàdé ìjọ ni. Àwọn ọmọ kún inú yàrá náà débi pé n kò rí ilẹ̀. Mẹ́ta, mẹ́rin fún ara wọn pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ẹni méjì. Àwọn kan jókòó sójú fèrèsé, àwọn kan fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Mo dúró síwájú pátákó, mo mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mo kí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wọn fi ohùn orin dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ara mi balẹ̀.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan dìde lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi rìbọ́ọ̀nù pupa di irun. Ó tẹrí ba fún mi, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ní Faransé. Faransé tí mo gbọ́ nígbà yẹn kò ju ti ìkíni lọ, àmọ́ n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo mi orí bí ọlọ́gbọ́n, mo ní, "Oui."

Kí n tó pa ẹnu dé, yàrá ti dà rú. Wọ́n ń kó ìwé sínú báàgì, wọ́n ń fo bẹ́ǹṣì, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ. Kò pẹ́ tí ó fi ku èmi nìkan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì mi.

Àṣé ohun tí ọmọ náà bi mí ni pé, ṣé àwọn lè máa lọ sílé?

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, Madame Mengue, ló pàdé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó dá wọn padà. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ló ga. Ó dúró títí ẹni ìkẹyìn fi jókòó, ó wá fà mí sí ẹnu ọ̀nà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde lẹ́yọ lẹ́yọ sọ fún mi pé, "Madame, ẹ má tún sọ 'bẹ́ẹ̀ ni' sí ohun tí ẹ kò gbọ́."

Ìtìjú mú mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ìgbà tó yí padà tó ń lọ ni mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń pa á kú lọ.

Prisca ni orúkọ ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn.

*

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá. Iṣẹ́ tísà ni mo bá lára ìyá mi. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ títí di òní, Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi ọmọ tó bí náà kò pè é ní nǹkan mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí mo wà nílé. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, àwọn tó ń ta gúgúrú lẹ́yìn ọgbà á máa kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọkọ mi, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, wá rí iṣẹ́ tó dúró sí Libreville, mo mú Tómi, ọmọbìnrin wa, a tẹ̀lé e.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè ní ẹnu kó má rí ohun fi ṣe. Oṣù àkọ́kọ́, mo dà bí odi. Ẹ wo ọ̀rọ̀ takisí nìkan. Níbí, wàá bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé ọkọ̀, wàá sọ ibi tí ò ń lọ àti iye tí o fẹ́ san. Tó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á fọn fèrè, o sì wọlé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìdágbére. Kí n tó ṣa Faransé mi jọ, takisí ti dé ìkóríta. Lọ́jọ́ kan, òjò ká wa mọ́ ọjà Mont-Bouët, èmi àti Tómi, pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn ń ro mí. Tómi, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó sì ti ń gbé Faransé bọ̀ láti ilé ìwé, kàn ti orí bọ abẹ́ apá mi, ó kígbe ọ̀rọ̀ kan sí awakọ̀, fèrè dún, a sì wọlé. Mo jókòó sínú takisí yẹn, omi ń kán lára mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín ló ń mú mi kiri ìlú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń pe Tísà.

"Kí lẹ jẹ lónìí?"

"Manioc, mà."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, mà. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ewé dì í gbọọrọ, wọ́n á sè é."

"Ó dára. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe àjèjì sí ọ. Ìwọ náà má ṣe àjèjì sí i." Ó tún bi mí pé: "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀?"

"Tómi àti bàbá rẹ̀, mà." Ìyá mi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Lọ wá kíláàsì kan wọ̀," ló wí. "Tísà tí kò bá ní kíláàsì, ẹnu rẹ̀ á dípẹtà."

Kò pẹ́ sígbà náà tí arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìhà Charbonnages, lápá òkun, ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíákíá, torí ẹni tó wà níbẹ̀ ti lọ lẹ́yìn tí ọdún ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe dé iwájú pátákó nìyẹn, tí mo sì dá gbogbo kíláàsì sílẹ̀ kó máa lọ sílé.

*

N kò fìyà jẹ Prisca. Lọ́jọ́ kejì, mo pè é síwájú, mo ní kó jókòó sórí àga mi. Mo sọ fún kíláàsì ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, mo sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ìyókù, pé: Ẹ̀yin fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi fẹ́ Faransé. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá ń parí, Prisca á di tísà, èmi á di ọmọ kíláàsì. Tí mo bá ṣì í, kí wọ́n tún un ṣe.

Wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Àgbàlagbà tó ní kí wọ́n máa tún òun ṣe! Inú wọn dùn débi pé àwọn tó máa ń sá fún Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé. Mo sì fún wọn ní ẹ̀rín dáadáa. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ẹ̀pà lọ̀ mí, mo fẹ́ sọ pé mo ti yó, mo ní, "Je suis pleine." Ìró ẹ̀rín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù orí ilé. Prisca nu omijé kúrò lójú kó tó lè ṣàlàyé fún mi pé ohun tí mo sọ ni pé mo lóyún, tí kì í tilẹ̀ ṣe bí ènìyàn ṣe ń lóyún, bí ewúrẹ́ ni. Títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, wọ́n ń bi mí ìgbà tí a máa sọ ọmọ lórúkọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Tísà lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Kíláàsì tó bá lè bá ọ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

*

Ilé ẹ̀kọ́ wa kì í ṣe èyí tí àwọn olówó ń mú ọmọ wọn wá. Àwọn kan ń wọlé láàárọ̀, àwọn kan ń wọlé lọ́sàn-án, torí yàrá kò kárí. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi á gba ọ̀nà, ìdajì kíláàsì kò ní lè dé. Lọ́dún tí mo dé yẹn, a kò ní olùkọ́ físíìsì fún oṣù bíi mélòó kan. Síbẹ̀ nǹkan ń yí padà, torí Madame Mengue kì í jókòó. Ó ti pe àwọn òbí tó jẹ́ káfíńtà jọ láti tún àwọn bẹ́ǹṣì tó ṣẹ́ ṣe. Yàrá tí wọ́n ń da pàǹtí sí tẹ́lẹ̀, ó gbá a, ó kùn ún, ó sọ ọ́ di ibi ìkàwé. Àwọn ìwé inú rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì.

Nígbà tí ọdún ń lọ sí ìdajì, ó pe àwa olùkọ́ Terminale jọ. Terminale ni kíláàsì àṣekágbá, níbi tí ọmọ ti ń ṣe bac, ìdánwò tó ń ṣílẹ̀kùn yunifásítì.

"Àwọn tó ń yege ń pọ̀ sí i," ló wí, "mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ ẹ lọ wo àwọn tó yege náà. Wọ́n á wọ yunifásítì lónìí, kí ọdún tó yípo, wọ́n á ti padà sílé. À ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wọlé, a kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dúró."

Ohun tó fẹ́ ni wákàtí kan sí i lẹ́yìn ẹ̀kọ́, láwọn ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ kan á kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń kọ kókó ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀, òmíràn á bá wọn tún ìṣirò ṣe. Ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin, Madame, ẹ kọ́ wọn láti dìde sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa mọ nǹkan. Àmọ́ bí àlejò bá bi wọ́n léèrè, bàtà wọn ni wọ́n á máa wò."

"Èdè wo ni kí n fi kọ́ wọn, mà?"

"Èyí tó bá ti wà lẹ́nu yín."

Nínú wákàtí yẹn, tó kó àwọn Terminale yòókù mọ́ kíláàsì mi, ni mo ti mọ Ṣadé. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà Faransé, Chadé, mo sì pè é bí ẹni pé orílẹ̀-èdè Chad ni mò ń pè. Ọmọ kan ní àárín kíláàsì gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó sì tún un ṣe jẹ́jẹ́: "Ṣadé, Madame."

Ọkàn mi fò sókè. Mo ní, "Ṣadé! Ọmọ wa ni ọ́! Báwo ni ilé? Ṣé àlàáfíà ni bàbá wà?"

Ó wolẹ̀. Gbogbo kíláàsì ń wò ó. Ó fi Faransé dáhùn pé òun gbọ́ Yorùbá, àmọ́ òun kì í sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn yòókù ti jáde, ó ṣàlàyé fún mi. Derrière la Prison, àdúgbò tó wà lẹ́yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n, ni wọ́n ń gbé, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ránṣọ. Ará Kétu ní Benin ni bàbá, àmọ́ Libreville ni wọ́n bí òun sí, òun kò sì dé Kétu rí. "Nílé," ló wí, "bàbá mi á sọ Yorùbá, èmi á fi Faransé dáhùn. Inú oníkálùkù á dùn."

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé. Èmi ni mò ń pe ara mi ní àlejò ìlú yìí, mo sì ti rò pé gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ bíi tèmi, àlejò bíi tèmi ni. Ọmọ yìí kì í ṣe àlejò. Ó mọ ojú ọ̀nà tí omi máa ń gbà ní àdúgbò rẹ̀, ó mọ takisí tó máa dúró àti èyí tí kò ní dúró. Ilé rẹ̀ ló wà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ti ọ̀nà jíjìn wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè bóyá ibi tí wọ́n bá ti ń retí ẹni láàárọ̀ ni ilé, yálà ibẹ̀ ni wọ́n bíni sí tàbí ibẹ̀ kọ́.

*

Madame Mengue ní kí n kó wọn lọ wo yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba iwájú ọgbà rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ayé, wọn kò wọ inú rẹ̀ rí. A dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan, tí ìjókòó rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ó kún dẹ́nu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Prisca wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ṣé èyí náà ni? Kíláàsì wa mà rèé! A ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fúnra wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ilé ẹ̀kọ́ wa jáde, Ulrich, ló mú wa káàkiri. Kò fi òótọ́ bò fún wọn. Ó ní, "Níbí, kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ rẹ bí o kò bá wá. Olùkọ́ kò ní dúró kó o kọ ọ́ tán. Bí ohun kan kò bá yé ọ, àfi kó o dìde, kó o béèrè. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọlé, n kò dìde. Ọdún yẹn ni mo tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Ṣadé. Ó bi Ulrich pé ẹ̀ka wo ni èèyàn ti ń kọ́ nípa omi. Ulrich ní, omi òkun ni àbí èwo?

"Omi ẹ̀rọ," ni Ṣadé wí. "Mo fẹ́ mọ ìdí tó fi ń dé àwọn àdúgbò kan, tí kì í dé tiwa."

Ó sọ ọ́ tán, ó wo bàtà rẹ̀. Àmọ́ ó ti sọ ọ́. Ulrich fi ẹ̀ka náà hàn án. Nígbà tó gbọ́ pé a kò ní olùkọ́ físíìsì, ó ní òun á máa wá bá wọn ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Ó sì wá lóòótọ́, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, títí a fi rí olùkọ́ mìíràn.

*

Bí nǹkan ṣe ń dùn bọ̀ ni àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Wákàtí àfikún yẹn ń mú kí àwọn ọmọ pẹ́ kí wọ́n tó délé. Takisí kì í fẹ́ gbé wọn nírọ̀lẹ́, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó lọ́mọbìnrin. Madame Mengue pe ìpàdé ní àárọ̀ Sátidé kan. Ó sọ fún mi pé bí àwọn òbí bá kọ̀, òun á pa wákàtí náà rẹ́. Ó ní kí èmi ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe níbẹ̀. Ní Faransé.

Mo ti há a sórí. Prisca ló ràn mí lọ́wọ́. Mo sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó dìde lójijì ní ìlà iwájú. Ó wọ bùbá funfun tí wọ́n rán dáadáa, fìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó fi Faransé sọ pé ọmọ òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbé sẹ́bàá ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo ya ẹnu láti dáhùn. Gbogbo Faransé tí mo há sórí fò lọ bí ẹyẹ.

Mo wo fìlà rẹ̀. Mo wo Ṣadé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti fi ọwọ́ bo ojú. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Ẹ má bínú, sà."

Bàbá náà dúró. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Háà! Ìwọ ni tísà tí ọmọ yìí ń sọ? Dìde, ọmọ mi, dìde."

Ó wá yí ọ̀rọ̀ sí Yorùbá Kétu rẹ̀, ó sì tú gbogbo inú rẹ̀ jáde. Ó ní Ṣadé nìkan ni ọmọbìnrin òun. Ó ní òun kò kọ̀ kó kàwé, àmọ́ ọkàn òun kì í balẹ̀ títí yóò fi wọlé. Èmi náà dáhùn ní Yorùbá. Mo ní èmi náà lọ́mọbìnrin, mo sì mọ irú ọkàn bẹ́ẹ̀. A ti gbàgbé ẹgbẹ́ àwọn òbí tó jókòó.

"Madame!" ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. "Àwa kò gbọ́ o! Kí lẹ̀ ń sọ?"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Madame Mengue wò mí, mo wo Madame Mengue. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, Ṣadé ti dìde. Ó dojú kọ àwọn ènìyàn, ó sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sí Faransé, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, kò fo ohunkóhun. Ó túmọ̀ tèmi. Nígbà tí obìnrin kan lẹ́yìn ní ìbéèrè fún bàbá, ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó sì bi í ní Yorùbá. Yorùbá rẹ̀ ń ta kókó, ó ń kọsẹ̀, àmọ́ Yorùbá ni.

"Wọ́n ní... ẹ fẹ́ kí wákàtí náà parí, àbí... àbí ẹ fẹ́ kí ọ̀nà ó dára?"

Bàbá kọjú sí i. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó rí aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán lọ́rùn ọba.

"Ọ̀nà," ló wí níkẹyìn. "Ọ̀nà ni kí wọ́n bá mi tún ṣe. Kí wákàtí máa lọ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yanjú nìyẹn. Àwọn ọmọ tó bá wà ní àdúgbò kan náà á máa lọ pọ̀, òbí kan á sì máa wá mú wọn ní ẹnu ọgbà, kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀. Bàbá Ṣadé ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè pé òun á máa ṣe ti ọjọ́ Ajé. Láti ọjọ́ náà lọ, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí télọ̀ Derrière la Prison níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ọ̀wọ́ àwọn ọmọ á sì tò lẹ́yìn rẹ̀ bí òròmọdìyẹ.

*

Ọjọ́ tí èsì bac jáde, inú ọgbà kún. Wọ́n ń ka orúkọ síta, ariwo ń sọ níbí, ẹkún ń sọ lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n pe Ṣadé, bàbá rẹ̀ kò gbọ́, torí ẹni tó ń kà á pè é bí mo ṣe kọ́kọ́ pè é. Ṣadé ló fò mọ́ ọn lọ́rùn tí fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó yege nílé ẹ̀kọ́ wa lọ́dún yẹn ju ti èyí tó ṣáájú lọ. Madame Mengue ń rìn káàkiri, ó ń dì mọ́ ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀.

Prisca kò sí lára àwọn tó yege. Máàkì rẹ̀ sún mọ́ ọn, kò tó. Wọ́n pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ padà fún ìdánwò ẹnu. Ó mú Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó gbóná janjan, ó tilẹ̀ pa àwọn tó ń dá a wò lẹ́rìn-ín. Ìtàn ló dá a dúró. Ó fi díẹ̀ báyìí pàdánù. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sílé, n kò rí i.

Mo pe Tísà. Mo kọ́kọ́ sọ ìròyìn ayọ̀, ó yin Ọlọ́run. Mo wá sọ ti Prisca.

"O ti lọ wò ó?"

"Rárá, mà. N kò mọ ohun tí màá sọ."

"Àwọn tó yege ti ní ẹni tó ń bá wọn jó," ni ìyá mi wí. "Gbé ẹsẹ̀ rẹ, kó o lọ. Tó o bá dé ibẹ̀, o lè má sọ nǹkan kan."

Mo lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó ń gbé, kò jìnnà sí etí òkun. Mo bá a níwájú ilé, ó ń họ ìpẹ́ ẹja, ó sì ń họ ọ́ bí ẹni tó ń bá ẹja jà. Kò wò mí. Mo wá àpótí kan, mo mú ọ̀bẹ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ tèmi. A họ ẹja títí.

"N kò padà mọ́, Madame," ló wí nígbà tó yá. "Àwọn ọmọ tó kéré sí mi ni wọ́n fẹ́ kí n bá jókòó ní kíláàsì. Wọ́n á máa wò mí pé, ẹ wo ẹni tó máa ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín."

Mo rántí ìmọ̀ràn Tísà. Mo họ ẹja kan sí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ fún un, ní Faransé tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ mi, pé nígbà tí mo dé ìlú yìí, mi ò lè wọ takisí fúnra mi. Mo ní ọmọ mi ló ń bá mi pè é, ìtìjú sì pọ̀ fún mi débi pé mo fẹ́ jókòó sílé títí ayé. Mo ní, "Kíláàsì yín ni mo ti di ènìyàn níbí. Ẹ rí mi tí mò ń ṣì í sọ lójoojúmọ́. Ṣé ẹ fojú kékeré wò mí?"

Ó ronú sí i. "Ọjọ́ ewúrẹ́ yẹn, díẹ̀," ló wí.

A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fi jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kò ṣèlérí pé òun á padà, n kò sì fipá béèrè.

*

Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, Ṣadé ti wà ní yunifásítì. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀, Faransé bí ọ̀rọ̀ bá ti le. Ó ní òun ti dìde béèrè ìbéèrè, pé olùkọ́ kò sì jẹ òun.

Madame Mengue ní kí n bẹ̀rẹ̀ wákàtí àfikún fún àwọn Terminale tuntun láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a má dúró di ìdajì ọdún mọ́. Mo ti múra ohun tí mo máa fi ṣí i. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ohùn kan nínú yàrá.

Prisca ló dúró síwájú pátákó. Ó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì gún régé. Àwọn ọmọ tuntun kún bẹ́ǹṣì, wọ́n kún ojú fèrèsé, gbogbo wọn ń wò ó. Ó rí mi. Ó dúró, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Mo fi ọwọ́ ṣe é fún un pé kó máa bá a lọ.

Ó kọjú sí wọn, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò mì:

"Orúkọ mi ni Prisca. Mo ṣe bac lọ́dún tó kọjá, mo sì fìdí rẹmi. Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún yín."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ mẹ́ta tó wà lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn wo ojú mi, wọ́n sún mọ́ra, mo sì jókòó.